Kétu, Ṣábẹ̀ àbí etí odò Ouémé: èwo lẹ máa fi alùpùpù gbà lópin ọ̀sẹ̀ yìí?

Gbogbo alẹ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń délẹ̀ láàárín àwa tá a jọ ń gun alùpùpù l'Ájàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin: níbo là ń lọ lọ́la? Ẹnì kan á ní Ṣábẹ̀, ẹnì kan á ní Kétu, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ á ní ibi tó bá ti jìnnà jù ni ká lọ, ẹni tí wọ́n ń retí nílé lágogo mẹ́fà ò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ká tó fẹnu kò, agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù, bẹ́ẹ̀ ìdájí ló yẹ ká gbéra. Mo ti gba gbogbo àwọn ọ̀nà yìí, àwọn mìíì ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, torí náà mo fẹ́ kó wọn kalẹ̀ síbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jáde lè mọ èyí tó bá wọn mu kó tó lọ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n o, torí tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ fi ẹwà nìkan wọ̀n wọ́n, gbogbo wọn ló rẹwà.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, láàárín agogo mẹ́fà àbọ̀ sí méje kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ jálẹ̀ ọdún, tó bá sì ti wọ̀, ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú rárá. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbádùn lọ́sàn-án kì í ṣe ọ̀nà yẹn mọ́ lálẹ́, tírélà tó bàjẹ́ tí wọ́n kàn já ewé sẹ́yìn ẹ̀ dípò iná, ewúrẹ́ tó sùn sórí gúdúrọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀nà ọlọ́dà, torí pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, dódáànì (gegele tí wọ́n fi ń dín eré kù) iwájú ilé ìwé tí ọ̀dà funfun ara ẹ̀ ti pa rẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń dúró dè yín nínú òkùnkùn. Torí náà ìbéèrè mi kì í ṣe "agogo mélòó la máa débẹ̀?", ìbéèrè mi ni "agogo mélòó la máa padà délé?" Ọ̀nà tí ò bá lè gbé yín padà délé kó tó ṣú, ẹ sùn sí òpin ẹ̀ àbí kẹ́ ẹ yan òmíràn.

Ìkejì, kẹ̀kẹ́ tó kéré jù nínú yín ló ń yan ọ̀nà, kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Àwa tá a máa ń jáde, ẹlòmíì gun Boxer 100, ẹlòmíì gun 125, ẹnì kan wà tó ní 250 (ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ni nọ́ńbà yẹn). Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀lé ìyára oní 250, oní 100 á máa fún kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ́rùn látàárọ̀ dalẹ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná, òun náà á rẹ̀, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni kì í rí kòtò. Ẹ mú ẹni tó lọ́ra jù síwájú gan-an, kó tẹ̀lé ẹni tó mọ̀nà, kí ẹni tó mọ̀ nípa àtúnṣe jù wà lẹ́yìn pátápátá. Níbi oríta, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yà láìjẹ́ pé ó ti rí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Òfin kékeré yìí nìkan ti gbà wá lọ́wọ́ wíwá ara wa kiri ní abúlé tí fóònù ò ti gbé.

Ìkẹta ni epo àti owó. Kẹ̀kẹ́ 125 tí kò níṣòro máa ń jẹ tó lítà méjì àbọ̀ ní 100 kìlómítà tẹ́ ẹ bá ń rọra lọ, ẹ fi ìyẹn ṣírò, kẹ́ ẹ fi lítà kan lé e fún ṣíṣìnà. Ní ti kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà létí ọ̀nà, mo mọ̀ pé gbogbo wa la fi dàgbà, ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà, èrè tó wà nínú ẹ̀ ò tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan la ra á nínú ìgò létí ọ̀nà, ọ̀rẹ́ wa kan ò rìn ju kìlómítà mẹ́rin lọ tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó, ìgbà tá a tú kàbúrétọ̀ ẹ̀, omi ló wà nísàlẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀ ló lọ síbẹ̀. Fún ìrìn àjò tó jìnnà, ilé epo ni kẹ́ ẹ ti rọ ọ́ kún, kpayo fún ìgbà tí kò bá sí òmíràn.

Èyí tó kù ni òjò, àti ẹni tó lè tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà. Níhà ibi tiwa, oṣù kẹrin sí ìkeje ni òjò ńlá, ó tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án títí wọ ìparí ìkẹwàá. Ní ti àtúnṣe, ohun kan wà tí àwọn tó ń ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kì í rò: Boxer, TVS, Haojue, gbogbo èyí tí àwọn oní-zem, àwọn tó ń fi alùpùpù kó èrò, ń gùn, kò sí abúlé tẹ́ ẹ dé tẹ́ ò ní rí wáyà ẹ̀, ṣéènì ẹ̀, táyà inú ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó dáa ju ìyẹn lọ, tó bá ti bàjẹ́ ní Ìdìnyìn, níwájú Kétu lọ́hùn-ún, inú ọkọ̀ ni yóò bá padà sílé.

Ó yá, ká wá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Etí odò Ouémé ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló sún mọ́lé jù. Ẹ jáde l'Ájàṣẹ́, ẹ gba Akpro-Missérété, ẹ yà sí Dangbo, lẹ́yìn náà Adjohoun, kẹ́ ẹ sì parí ẹ̀ sí Bonou. Gbogbo ẹ̀ kò tó 60 kìlómítà ní àlọ. Lítà mẹ́ta epo lè gbé yín lọ gbé yín bọ̀. Etí òkè ni ọ̀nà náà ń tọ̀, àfonífojì odò á wà lọ́wọ́ òsì yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sókè, tí ìkùukùu bá ṣì wà nílẹ̀ láàárọ̀ ẹ máa rí i tó tẹ́ lórí ilẹ̀ odò bí aṣọ funfun, ìgbà tó bá ká tán lẹ máa wá rí oko ata, oko ẹ̀fọ́, ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí odò bá kún, pàápàá oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí omi òkè ọ̀hún bá sọ̀ kalẹ̀, omi máa ń bo gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, ó rẹwà láti òkè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yà sí ọ̀nà kékeré kankan tó lọ síhà odò lásìkò yẹn. Ẹja díndín wà káàkiri. Àléébù ẹ̀ ò ju pé ó kúrú lọ: ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ fún ọdún mẹ́wàá lè ní òun ò tíì bẹ̀rẹ̀ tó fi parí. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn ṣá, ọ̀nà tó ń jẹ́ kéèyàn dúró nígbà mẹ́fà tó sì tún bá ọ̀sán nílé kì í ṣe ọ̀nà kékeré.

(Àwọn tí wọ́n fẹ́ nǹkan tó tún kúrú ju ìyẹn lọ, Àjàrá wà níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ wo àwọn tó ń gbẹ́ ìlù, kẹ́ ẹ wọkọ̀ ojú omi lórí odò dúdú, kẹ́ ẹ padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti Àjàṣẹ́. Èmi ò kà á sí ìrìn àjò alùpùpù, ìgbafẹ́ ni.)

Kétu wá ni o. Kí n má parọ́, òun ni mo fẹ́ràn jù, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bẹ́ ẹ bá ń ka èyí. Sakété, Pobè, Kétu, bíi 100 kìlómítà lọ, 100 bọ̀, lítà márùn-ún sí mẹ́fà epo. Tẹ́ ẹ bá gbéra lágogo mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú ìsinmi méjì, agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ẹ ti débẹ̀, ẹ ṣì ní gbogbo ọ̀sán.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí yàtọ̀ ni pé ilẹ̀ ń yí padà lábẹ́ táyà yín. Láti Àjàṣẹ́ dé Pobè, ilẹ̀ pupa àti ọ̀pẹ ni, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún ọ̀pẹ lósì, ní Pobè gan-an ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ wà láti ayé Faransé. Ojú ọ̀nà náà ní òjìji láàárọ̀, ara á tù yín. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Pobè tán, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á di dúdú, ẹ ti wọ ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí nìyẹn. Amọ̀ dúdú yìí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń là bí àwo tó fọ́, nígbà òjò ó ń wú, ó ń fa ẹsẹ̀. Ìgbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ fún ìjọba Faransé ní 1914 wọ 1915, ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún sójà láti wọ abúlé wọn. Lórí gúdúrọ́ọ̀nù ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yà kúrò lórí ẹ̀ lẹ́yìn òjò kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

Àwa yà. Oṣù kẹfà ni, ẹnì kan ní òun mọ ọ̀nà àbùjá kan, òjò ti rọ̀ lóru ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ, a ní kò sí wàhálà. A ò tíì rìn tó 500 mítà tí amọ̀ fi kún àárín táyà àti irin tó bò ó lókè, táyà iwájú mi ò yí mọ́ rárá, ó kàn ń yọ̀ lọ bí ọmọ odó. Kẹ̀kẹ́ márùn-ún ló há bẹ́ẹ̀. A ń fi igi họ ọ́, a họ mítà mẹ́wàá, ó tún kún. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko dúró wò wá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ yìí ò gba kánjú, ẹ jẹ́ kó gbẹ." A jókòó sábẹ́ igi títí di agogo méjì ọ̀sán, bàbá yẹn ní kí ọmọ òun gbé omi àti ẹ̀gẹ́ sísè wá fún wa, a sì yọ irin iwájú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ká tó lè jáde. Láti ọjọ́ náà, tí òjò bá ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, a kì í kúrò lórí gúdúrọ́ọ̀nù láàárín Pobè àti Kétu, bó ti wù kí ọ̀nà àbùjá náà kúrú tó.

Ohun kejì tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún lójú ọ̀nà yìí ni àwọn ọkọ̀ ńlá. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Onigbolo, àwọn tó ń kó o jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ kẹ́ ẹ fẹ́ kọjá lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú dá tiẹ̀ kọjá nígbà tó bá rí iwájú dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ lára tírélà máa ń ti Boxer, ẹni tó bá ti gun ún mọ̀.

Kétu fúnra ẹ̀ ń kọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ fi wákàtí kan fún Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ẹ dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn kẹ́ ẹ rántí pé ìlú tó ní irú ìdáàbòbò yìí ni ogun Agbómẹ̀ (Dahomey) fọ́ ní 1886, tí àwọn ará Kétu sì tún un tẹ̀ dó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, kẹ́ ẹ gbé nǹkan kékeré sílẹ̀ fún ẹni tó bá mú yín yí ká, àwọn àgbà ibẹ̀ ò fẹ́ ìwọ̀kuwọ̀, kẹ́ ẹ ṣí kásìkì yín (akoto) kẹ́ ẹ kí wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣoríire pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde lọ́jọ́ náà, ẹ ti rí èrè ìrìn àjò yín gbà, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 náà ni, tí wọ́n wá fi sínú ìwé àjogúnbá aráyé wọn ní 2008. Ṣùgbọ́n òru ni Ẹ̀fẹ̀, apá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jẹ́ ti orin, ń jáde, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí.

Láti Kétu, àwọn kan fẹ́ máa lọ síwájú sí Ìdìnyìn tàbí síhà Ìlárá. Ẹ jẹ́ kí n ya Ìdìnyìn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tirẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbà á kẹ́yìn, ilẹ̀ pupa ni, eruku nígbà ọyẹ́ débi pé ẹni kejì gbọ́dọ̀ fi 100 mítà sí ẹni àkọ́kọ́ kó tó lè rí nǹkan. Ó dùn, mi ò purọ́. Oko iṣu, oko kajú, abúlé tí gbogbo ọmọdé á sáré jáde wá juwọ́ sí yín. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta: láàárín oṣù kìn-ín-ní sí ìkẹrin àwọn Fúlàní ń kó màlúù gba ibẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì tí agbo bá ń kọjá, ẹ má fọn fèrè. Èkejì, ààlà Nàìjíríà wà nítòsí, kò sì sí ìlà kankan lórí ilẹ̀ tó máa sọ fún yín pé ẹ ti kọjá, torí náà káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà lápò olúkúlùkù. Ẹ̀kẹta, táyà ọ̀nà ọ̀dà tó ti jẹ tán kò yẹ níbẹ̀ rárá. Owó epo ò pọ̀, owó àtúnṣe ló lè pọ̀.

Ṣábẹ̀ ló kù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà ní àlọ nìkan, ọ̀nà tó wù kẹ́ ẹ gbà. Ẹ lè gba Kútọnu, Allada, Bohicon, Ìdáàṣà, Glazoué, ó yá díẹ̀ ṣùgbọ́n mọ́tò pọ̀, èéfín pọ̀, láti Kútọnu títí kọjá Allada kò sí ìgbádùn kankan níbẹ̀. Èyí tí mo ń gbà lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni kí n kọjá Pobè sí Kétu, kí n wá yà síwọ̀ oòrùn gba Zagnanado àti Covè jáde sí Bohicon, kí n tó dara pọ̀ mọ́ ọ̀nà àríwá. Ó gùn ju tàkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ṣófo, ẹ sì máa kọjá odò Ouémé lójú ọ̀nà.

Ẹ ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú mi: kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń sá 60 ní wákàtí kan, wákàtí márùn-ún lórí ìjókòó láìdúró rárá, ẹ fi oúnjẹ, epo, ìdí tó ń dunni àti ẹni tó fẹ́ tọ̀ kún un, wákàtí méje nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ Ṣábẹ̀ kóun sì padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ má bá a lọ. A ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agogo mẹ́wàá alẹ́ la wọ Àjàṣẹ́, ẹnì kan nínú wa sì ti sùn lórí kẹ̀kẹ́ ní Misérété, ìṣẹ́jú kan péré, ó já sínú koríko, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó ẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ méjì ni Ṣábẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fún un ní ọjọ́ méjì náà, kò sí èyí tó jọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá kúrò ní Bohicon, ilẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́ lọ, lẹ́yìn náà àwọn òkè Ìdáàṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lọ́kọ̀ọ̀kan, òkúta ńlá dúdú láàárín koríko. Ní Ìdáàṣà, ọ̀nà pín sí méjì, èyí tó lọ sósì ń lọ Savalou, tiyín ni èyí tó lọ sí Glazoué. Ìgbà tí òkè Ṣábẹ̀ bá wá yọ níwájú, ọ̀rọ̀ á kúrò lẹ́nu gbogbo yín. Ẹ má gùn ún láìbèèrè, àwọn òkè yẹn ní onílẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún wọn. Iyán ibẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, wọ́n gún un lójú yín, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú wàgàṣì (wàrà) díndín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà ọyẹ́, ẹ wọ aṣọ méjì, òtútù Ṣábẹ̀ kì í ṣe ti Àjàṣẹ́.

Owó ẹ̀ ló ń wọni lára. Bíi lítà 15 epo, ibùsùn alẹ́ kan, oúnjẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ fi owó àtúnṣe sí apá kan tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ yí ọ́ìlì padà kẹ́ ẹ tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ má sì lọ ní àárín oṣù kẹjọ tí àwọn Kátólíìkì ń lọ ṣe ìrìn àjò mímọ́ ní Ìdáàṣà, àfi tẹ́ ẹ bá ń bá wọn lọ, bọ́ọ̀sì kún ojú ọ̀nà, ilé àlejò sì kún.

Ta ló wá yẹ kó lọ síbo? Tí ẹnì kan nínú yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba pẹmí (ìwé àṣẹ ìwakọ̀), tàbí ẹ gbé ìyàwó sẹ́yìn, tàbí ẹ ní nǹkan láti ṣe nírọ̀lẹ́, etí odò Ouémé, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá ń lọ ní ẹni mẹ́rin sí mẹ́jọ, kẹ̀kẹ́ kékeré àti ńlá pọ̀ mọ́ra, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí, Kétu ni, ìgbàkígbà nínú ọdún, lórí gúdúrọ́ọ̀nù. Ìdìnyìn fún àwọn tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ lórí yanrìn, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta, kí ọ̀kan lè lọ wá èèyàn tí ọ̀kan bá ṣubú. Ṣábẹ̀ fún ẹni tó ti lọ Kétu lọ bọ̀ ní ọjọ́ kan tí ẹ̀yìn ò dùn ún lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ̀yìn bá ṣì ń dun yín, ẹ tún Kétu lọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwa ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹni méjì nínú wa ò tíì gun kẹ̀kẹ́ jáde nílùú rí, ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kásìkì ẹ̀ lánàá. Bonou là ń lọ. Agogo mẹ́fà àárọ̀, táǹkì kún, a máa jẹ ẹja ní Adjohoun bá a bá ń bọ̀.